Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ẹ̀kọ́ Àjọkọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìlera: Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́ Tẹnu Wọn

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ apoògùn, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù tí a ń lọ, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá ọ̀tún, tí ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì wá, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn tẹ̀lé wọn, a tún bi í. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ físíò, tó ń kọ́ bí a ṣe ń mú ara padà bọ̀ sípò, yóò fi dé, ó ti rẹ ìyá náà, ó sì bú sẹ́kún. Ìwé mẹ́rin ni a kọ nípa bàbá náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó ka ti ẹlòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ sínú tiwọn pé bàbá náà kò lè gbé omi mì láìwúkọ́. Àwa sì ń kọ oògùn oníhóró mẹ́ta sílẹ̀ pé kí ó máa gbé mì lójoojúmọ́.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù, àti àwọn aṣíwájú kíláàsì ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlera wa, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìdí-Àràbà tàbí ní ibòmíràn, tí wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìlera lóríṣiríṣi jókòó ti aláìsàn kan náà kí wọ́n sì jọ kọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í yọrí sí rere bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rò nípa ara wọn, tí a sì jẹ́ kí èrò wọn yí ètò wa padà kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé.

Ohun tí ẹ̀kọ́ àjọkọ́ jẹ́

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2010 pé ó jẹ́ ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti inú iṣẹ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń kọ́ nípa ara wọn, tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ ara wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ pẹ̀lú ara wọn, kí àjọṣe wọn lè dára kí ìlera àwọn ènìyàn sì lè sunwọ̀n. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní ìlú Linköping ní Sweden, wọ́n ti ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera jọ kọ́ ẹ̀kọ́ láti ọdún 1986, wọ́n sì ti ya wọ́ọ̀dù kan sọ́tọ̀ láàárín ọdún 1990 sí 2000 níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oríṣiríṣi ti ń jọ tọ́jú aláìsàn lábẹ́ ojú àwọn àgbà.

Ẹ má ṣe ka jíjókòó sínú gbọ̀ngàn kan náà sí ẹ̀kọ́ àjọkọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, àwọn tó ń bọ̀ wá di dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn àti oníṣègùn eyín a máa jọ kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì àti físíìsì ní ọdún kìíní, wọn a sì jáde láìmọ orúkọ ara wọn. Olùkọ́ kan ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tí ọ̀kan kọ́ lọ́dọ̀ èkejì.

Ẹ mọ ẹrù tí wọ́n gbé wá

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ iyàrá ẹ̀kọ́ àjọkọ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ rẹ̀ ń sọ nípa àwọn iṣẹ́ yòókù, ó sì ti rí bí ilé-ìwòsàn ṣe ń tì pa nígbà ìyanṣẹ́lódì. Ní Nàìjíríà, ìwọ̀n owó-oṣù tí wọ́n ń pè ní CONMESS wà fún àwọn dókítà, CONHESS sì wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù, àríyànjiyàn lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì ti pẹ́. Ní ọdún 2018, JOHESU, tí ó kó ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, apoògùn, onímọ̀ àyẹ̀wò àti àwọn mìíràn pọ̀, dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní wọ́ọ̀dù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu olùkọ́ tirẹ̀ nìkan, yóò sì gbà á bí òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà.

Ọdún 2014 ni mo sábà máa ń mẹ́nu bà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà hàn nínú rẹ̀. Àwọn dókítà ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Ogúnjọ́ oṣù náà ni Ebola wọ Èkó, ìyanṣẹ́lódì sì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Síbẹ̀, Dókítà Ameyo Adadevoh àti nọ́ọ̀sì Justina Ejelonu wà lára àwọn tó tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ náà, àwọn méjèèjì ló sì bá àrùn náà lọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní lábù, àwọn tó ń tọ́jú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀, àti àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé wá nǹkan bí 900 ènìyàn tó ti bá àwọn aláìsàn pàdé, ni wọ́n jọ pa iná náà, tí WHO fi kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé Ebola ti kúrò ní orílẹ̀-èdè wa. Kò sí iṣẹ́ kan tó lè dá ṣe èyí. Nígbà tí mo bá sọ ọ́ fún wọn, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan kò tíì gbọ́ orúkọ nọ́ọ̀sì náà rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló mọ orúkọ dókítà.

Bí a ṣe ń béèrè èrò wọn

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn olùwádìí ń lò káàkiri ayé fún ọ̀rọ̀ yìí. RIPLS ni wọ́n ń pè é. Parsell àti Bligh ló ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 1999. Gbólóhùn 19 ló wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi nọ́ńbà 1 sí 5 sọ bí òun ṣe fara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó. Mẹ́sàn-án nínú wọn dá lórí iṣẹ́ àjọṣe, méje dá lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, mẹ́ta tó kù sì dá lórí ojúṣe oníkálukú. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń ṣírò: àwọn gbólóhùn kan kọjú sí òdìkejì, débi pé ẹni tó bá fara mọ́ wọn gan-an ni kò fẹ́ àjọkọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yí nọ́ńbà ti àwọn wọ̀nyẹn padà, kí 5 di 1, kí 4 di 2, kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dojú rú nítorí pé kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbé ara lé àwọn gbólóhùn mẹ́ta ìkẹyìn jù, nítorí pé ìdáhùn wọn kì í sábà ṣe déédéé. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ nípa nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń mú ara padà bọ̀ sípò bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn tàbí ti lábù tó bá kà á yóò béèrè pé níbo ni tòun wà. Bí ẹ bá fẹ́ tún un kọ kí ó lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín mu, ẹ kọ́kọ́ fún bí ènìyàn mẹ́wàá láti inú iṣẹ́ oríṣiríṣi, kí oníkálukú kà á sókè kí ó sì sọ ohun tó gbọ́ yé nínú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn tí méjì nínú wọn bá gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Kí ìwé náà má ní orúkọ, kí ó má sì ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́, ọdún tó wà, àti bóyá ó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù rí ti tó. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́jọ́ iwájú, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó pín ìwé kankan.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò lè sọ ohun gbogbo, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi ìdajì agbára yín sí ìjíròrò. Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, fún wákàtí kan. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ nìkan ni ẹ óò gbọ́. Ẹni tí yóò darí ìjíròrò náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́ wọn, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti inú iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo èdè tó bá wá sí wọn lẹ́nu, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Píjìn, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dun ènìyàn dé ìsàlẹ̀ ikùn, èdè tó fi ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló máa ń gbà á sílẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹ óò bi wọ́n ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ǹjẹ́ ó dára kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn ti rí. Ta ni wọ́n ń bẹ̀rù láti bi léèrè ọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, kí sì ni ìdí rẹ̀? Kí ni wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì ń ṣe láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀? Nígbà wo ni ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ mìíràn ti fi ohun kan hàn wọ́n tí wọn kò mọ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kò bá rí ìdáhùn kankan sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jẹ́ èsì.

Ohun kan wà tí ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ òkèèrè kò lè mú jáde, èyí tí àwa tí a jẹ́ Yorùbá mọ̀ dáadáa: ta ni ń pe ta ni ní “ẹ”, ta sì ni ń pe ta ni ní “o”? Nínú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá gba oyè ní yunifásítì. Wọ́n ti bímọ, ọmọ wọn àkọ́bí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó jókòó tì wọ́n. Àṣà ilé ní kí ọmọdé náà dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí wọn, kí ó máa pè wọ́n ní “ẹ̀yin”. Àṣà wọ́ọ̀dù sì ní kí wọ́n máa pe òun ní “Dókítà” kí ó tó di dókítà rárá. Mo ti rí ibi tí àṣà méjèèjì yìí ti kọlu ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ bí yóò ṣe bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, tí wọ́n wá yàn láti má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ fi etí sí èyí nínú ìjíròrò, pàápàá nígbà tí ẹ bá wá kó àwọn iṣẹ́ oríṣiríṣi jọ ní ìpàdé kejì.

Bí a ṣe ń ka ìdáhùn wọn

Ẹ óò rí i pé nọ́ńbà ga. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí níbi púpọ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlera a máa sọ pé àwọn fẹ́ àjọkọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ibi tí ó ti ń dín kù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde ní ọdún 2008, tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn, ó sì rí i pé ìfẹ́ wọn sí àjọkọ́ ga nígbà tí wọ́n wọlé, ó sì lọ sílẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún láàárín gbogbo wọn àfi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì. Èyí túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní wọ́ọ̀dù ló ń pa ìfẹ́ náà. Bí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin yín bá kéré sí ti ọdún kìíní, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.

Ó sì ṣeé ṣe kí nọ́ńbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kéré sí ti àwọn yòókù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má yára pè é ní ìgbéraga. Nígbà tí mo jókòó gbọ́ tẹnu wọn, ẹ̀rù ìdánwò ni mo gbọ́ jù lọ: wọ́n ń sọ pé kò sí ibi tí wọ́n ti máa bi àwọn ní ìbéèrè lórí rẹ̀, pé àkókò kò tó fún èyí tí wọ́n máa bi àwọn pàápàá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn sọ pé àwọn kò fẹ́ lọ jókòó níbi tí wọn yóò ti máa fi àwọn ṣe ẹni tó ń ka oògùn sínú ọ̀rá. Àwọn ti lábù sọ pé ìgò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ẹlòmíràn mọ̀ wọ́n sí, kò sẹ́ni tó ń rí ojú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi pé òun fẹ́ àjọkọ́ gan-an, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé àwọn ni yóò máa lọ wá ìwé aláìsàn fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe nínú ètò yín. Bí ẹ bá kà wọ́n sí àròyé lásán, ẹ ti pàdánù èrè gbogbo wàhálà tí ẹ ṣe.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn

Ènìyàn mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ kan tó. Kí iṣẹ́ kankan má ní ju ẹnìkan lọ níbẹ̀, nítorí pé bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bá di mẹ́ta láàárín ẹni mẹ́fà, ìpàdé ìṣègùn ló dà. Ẹ má fi ọdún tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ so wọ́n pọ̀. Ẹ fi iye ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ kan aláìsàn so wọ́n pọ̀. Ọmọ ọdún kẹta nínú ìṣègùn ṣì wà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú nọ́ọ̀sì ti ń wọ wọ́ọ̀dù.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ aláìsàn àti ará ilé rẹ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá kọ̀, ìtọ́jú wọn kò ní yí padà. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń kọ́. Ohun kékeré ni èyí jọ lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí WHO ṣe ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́-abẹ oní-kókó 19, ọ̀kan lára ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí gbogbo ẹni tó wà ní yàrá iṣẹ́-abẹ sọ orúkọ àti ojúṣe rẹ̀ kí abẹ tó kan ara. Ní ìlú mẹ́jọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán ìwé náà wò, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé iye àwọn tó ń kú lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ lọ sílẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Orúkọ nìkan kọ́ ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá rí ewu.

Aláìsàn rọpárọsẹ̀ ni mo máa ń yàn, nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ kò kàn. Kí ẹnìkan ṣoṣo béèrè ìtàn àìsàn náà lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀, kí àwọn márùn-ún yòókù gbọ́. Kí wọ́n fi ìbéèrè tiwọn kún un lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ará ilé aláìsàn yóò rojọ́. Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni yóò máa béèrè ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi ìbò yàn án.

Iṣẹ́ tí ẹ óò gbé fún wọn ni pé kí wọ́n kọ ìwé ojú-ewé kan ṣoṣo tí aláìsàn yóò mú lọ sílé, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè Yorùbá tí ìyàwó rẹ̀ lè kà, tàbí tí wọ́n lè kà sí i létí kí ó yé e. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí. Nígbà tí wọ́n bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ìwé sọ̀rọ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ gígùn jù ló ń di olórí. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní Yorùbá, gbogbo wọn di ọgba: akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn á dúró, á máa ronú bí a ṣe ń ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ti dí ọ̀nà nínú ọpọlọ, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ti ń bá ìyá náà sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta á sì ti mọ bí yóò ṣe gbà á. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá nínú ẹgbẹ́ náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa béèrè pé, “Kí ni ẹ sọ pé kí wọ́n ṣe?”, ìbéèrè yẹn sì máa ń tú àṣìṣe síta.

Ẹ fi àkókò sílẹ̀ kí wọ́n jiyàn. Bí aláìsàn náà kò bá lè gbé omi mì dáadáa, ta ni yóò dán an wò kí oògùn tàbí oúnjẹ tó wọ ẹnu rẹ̀, báwo ni wọn yóò sì ṣe gbé e jókòó? Bí nọ́ọ̀sì ti ń yí i padà ní wákàtí méjì-méjì ní wọ́ọ̀dù kí ara rẹ̀ má bàa dégbò, ta ni yóò yí i padà lóru nílé tí ìyàwó náà bá dá wà? Akẹ́kọ̀ọ́ físíò yóò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fa apá tó ti rọ náà láti gbé e dìde, nítorí èjìká. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbà pé òun ti ń fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mélòó ni owó ilé yìí ká lóṣù, bí ó bá sì jẹ́ pé méjì ni owó wọn ká nínú mẹ́rin, èwo ni a kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀? Lórí ìbéèrè yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn ti máa ń gbórí sókè, tí àwọn yòókù á sì rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ kọjá kíka hóró oògùn. Àyẹ̀wò wo ni yóò padà wá ṣe ní lábù, ìgbà wo, kí sì ni èsì rẹ̀ yóò sọ fún wọn? Iyọ̀ ńkọ́, àti mágí tó wà nínú ọbẹ̀?

Kí wọ́n béèrè nípa àgbo pẹ̀lú, kí wọ́n béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ará ilé tí a bá ti fi ojú bú kò ní sọ òtítọ́ mọ́. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, nígbà tí ó dé sí Arò ní Abẹ́òkúta ní 1954, mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ, ó sì jẹ́ kí ìbátan aláìsàn bá a gbé ní abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká. Ẹ̀kọ́ àjọṣe ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa kí ó tó di ohun tí a ń kọ́ nínú ìwé.

Kí wọ́n tó túká, kí oníkálukú kọ gbólóhùn méjì sórí bébà, láìkọ orúkọ: ohun tí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ mọ̀ tí òun kò mọ̀, àti ohun tí òun mọ̀ tí kò rí àyè sọ. Ìdáhùn kejì yìí ni kí ẹ kà léraléra.

Àwọn olùkọ́

Gordon Allport, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1954 pé kíkó àwùjọ méjì tí kò gbọ́ ara wọn yé pọ̀ kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà, kí wọ́n ní ohun kan tí wọ́n jọ ń lépa, kí wọ́n jọ ṣe é, kí àwọn aláṣẹ sì ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin wà lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́ méjì láti inú iṣẹ́ méjì ni kí ó jọ dúró síwájú ẹgbẹ́, kí wọ́n sì ti pàdé ṣáájú láti pín ọ̀rọ̀, kí ọ̀kan má bàa máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èkejì. Mo ní olùkọ́ kan nígbà kan tí ó sọ̀rọ̀ àjọṣe fún wa fún wákàtí kan gbáko, lẹ́yìn náà tí ó yíjú sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wá, tí ó sì wí fún un pé kí ó lọ bá òun wá ìwé aláìsàn wá. Gbogbo wa ló rí i. Mo ti gbàgbé ohun gbogbo tí ó sọ nínú wákàtí náà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé ojú tí ẹnìkejì náà fi gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ tí yóò darí ètò yìí kọ́kọ́ dáhùn ìwé ìbéèrè kan náà tí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì jọ wo èsì rẹ̀ pẹ̀lú wọn kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àkókò, ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣeé ṣe ní ibi púpọ̀, bí àwọn ẹ̀ka bá jókòó pọ̀ kí wọ́n tó tẹ àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ jáde. Kí máàkì díẹ̀ sì wà níbẹ̀ ní ẹ̀ka gbogbo, máàkì kan náà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́.

Ẹ tún padà bi wọ́n

Ọjọ́ tí ètò bá parí, inú gbogbo wọn yóò dùn, nọ́ńbà yóò sì ga. Ẹ má gbé e lérí jù. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìlera káàkiri ayé, kó ìwádìí 15 lórí ẹ̀kọ́ àjọkọ́ jọ ní 2013, èyí tí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́, méje fi èso rere hàn, mẹ́rin ní èso tó dàpọ̀, mẹ́rin kò sì rí ìyàtọ̀. Nítorí náà ẹ tún bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń ka ìwé tí nọ́ọ̀sì kọ lóru? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ apoògùn ń béèrè bóyá aláìsàn lè gbé nǹkan mì kí ó tó kọ hóró oògùn?

Ẹ gbé èsì náà padà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, ní ìpàdé kan tí gbogbo iṣẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà nítorí ọ̀rọ̀ wọn àti èyí tí ẹ kò lè yí padà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan bá ti lọ sílé, kí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà náà pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, kí ó bi í pé ìlà wo nínú ìwé Yorùbá náà ni kò ṣeé ṣe nílé, kí ó sì mú ìdáhùn rẹ̀ padà wá fún àwọn márùn-ún yòókù.